Nígbà Tí Ìyá Olóúnjẹ Wá Tọrọ Ìyàwó

Ẹni tí ebi kò bá tíì pa rí ní ìlú tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀, kí onítọ̀hún rọra máa sọ pé òun mọ ebi. Ebi ilé ṣeé bá jà. Èèyàn lè yà sílé aládùúgbò lásìkò oúnjẹ, kó ṣe bí ẹni tó kàn wá kí wọn. Ṣùgbọ́n kí owó wà lápò, kí oúnjẹ máa ta sánsán nítòsí, kí èèyàn má sì mọ ohun tí yóò sọ kí wọ́n tó bu tirẹ̀ fún un, ìyẹn ni ebi tó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Irú rẹ̀ ló pa ọmọ Bàbá Káfíńtà. Òun náà ló sì wá ọkọ fún un, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe wí nígbà tí inú ń bí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí bàbá náà kò sọ ọ́ bó ṣe rí.

Láti kékeré ni gbogbo ilé ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Alágídí. Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà lọ́jọ́ tó kọ̀ láti sùn títí wọ́n fi gbé ìrọ̀rí tó wù ú fún un, ó sì mọ́ ọn lára ju orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé, àti àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí, ni wọ́n jọ tọ́ ọ dàgbà. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ó mọ̀ ọ́n, ó sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí ọ̀gá wọn ra máṣínì ńlá tó ń rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Alágídí ni wọ́n yàn pé kó lọ kọ́ ọ fún ọdún kan ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń lò ó.

Yàrá tí wọ́n gbà fún un níbẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò táyà. Kò sí ibi ìdáná, onílé sì ti fi ọwọ́ júwe fún un pé òun kò fẹ́ rí iná lókè yẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, búrẹ́dì ló jẹ. Lọ́jọ́ kejì, búrẹ́dì àti ẹyin sísè, torí ohun tó bá ti lè nàka sí nìkan ló lè rà. Nígbà tó yá, ó ra agolo kan tí àwòrán ẹja wà lára rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e délé. Ó ti ti ṣíbí bọ inú rẹ̀ kó tó yí agolo náà síbi kejì, tó rí i pé àwòrán ológbò ló wà níbẹ̀, pé oúnjẹ ológbò ni òun rà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá sunkún. Nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù pé ṣé ó ń jẹun dáadáa, ó ní àjẹyó ni, àjẹṣẹ́kù ni.

Ilé oúnjẹ kan wà lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ tó ti ń kọ́ máṣínì náà. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ín, Ìyá Olóúnjẹ ni gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń pè é ní èdè tiwọn. Tí aago ọ̀sán bá ti dún, wọn á tò síwájú tábìlì gígùn tó gbé kalẹ̀, òun á dúró ti àwọn ìkòkò rẹ̀ pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, á máa bu oúnjẹ. Alágídí náà tò. Nígbà tó kàn án, ó na owó. Ìyá Olóúnjẹ wo owó náà, ó wo orí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì bu oúnjẹ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn kọjá lára rẹ̀, wọ́n gba oúnjẹ wọn, wọ́n lọ jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó wọ ọkàn rẹ̀ ni pé wọ́n ń fojú di òun nítorí òun jẹ́ àlejò. Ẹlòmíràn ì bá padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un. Nígbà tó tún tò, tó sì tún kàn án, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé tábìlì, ó dúró gbọn-in. Ó sọ ọ́ lédè tirẹ̀ pé òun kò ní kúrò níbẹ̀, pé wọn ò ní gbé oúnjẹ kọjá orí òun lọ́jọ́ yẹn, bó bá di alẹ́ kó di alẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, àmọ́ ó yé gbogbo wọn. Ariwo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e lórí ìlà ni mẹkáníìkì tó ń tún àwọn máṣínì ṣe. Ọ́ìlì wà léèékánná rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó na ọwọ́ kọjá èjìká ọmọbìnrin náà, ó gbé abọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, abọ́ irin kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó létí. Ìyá Olóúnjẹ wo abọ́ náà, ó wo mẹkáníìkì, ó pòṣé, ó sì bu ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú rẹ̀ títí ó fi kún.

Ìgbà yẹn ni Alágídí tó wo àyíká rẹ̀ dáadáa, tó rí i pé kálukú ló gbé abọ́ tirẹ̀ wá láti ilé. Ìyá Olóúnjẹ kò ní abọ́ kankan mọ́, torí àwọn òṣìṣẹ́ ti kó gbogbo èyí tó ní wọ inú ilé iṣẹ́, wọn kò sì dá a padà. Ẹni tí kò bá ní abọ́, kò lè jẹun níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Ẹni tó bá sì ti gbé abọ́ kan wá, ìyá náà kì í gbà kó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn kan ti fi ọgbọ́n ìyẹn gbé bàsíà wá rí. Abọ́ ló máa ń wò, kì í wo ojú èèyàn.

Ó jẹ oúnjẹ yẹn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọ abọ́ náà mọ́ tónítóní, ó wá ọkùnrin náà kiri, kò rí i. Ó rò ó síbí, ó rò ó sọ́hùn-ún, ó gbà pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n fún òun lábọ́, ó ti di tòun. Ó gbé e lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ó ń jẹun bí ọmọ èèyàn. Tó bá rí mẹkáníìkì lókèèrè, á gbé abọ́ náà sókè, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ọkùnrin náà á mi orí, á tún tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ń parí lọ nígbà tó rí i tó dúró ti máṣínì kan lásìkò oúnjẹ, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Lọ́jọ́ kejì, búrẹ́dì náà ni. Ó yíjú sí obìnrin tó máa ń jókòó tì í níbi iṣẹ́, ó sì fi ojú bi í léèrè. Obìnrin náà fi ọwọ́ ṣe abọ́, ó tọ́ka sí mẹkáníìkì, ó tọ́ka sí Alágídí, ó wá fi ọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú bí ẹni tí ebi ń pa. Ni ọ̀rọ̀ bá yé e. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló gbọ́ ìyókù, pé ọkùnrin yìí ti gbé abọ́ tuntun lọ fún Ìyá Olóúnjẹ, ìyẹn sì lé e padà pé kó lọ mú abọ́ rẹ̀ wá níbi tó gbé e sí. Ojú sì ń ti í láti gba ohun tó fún obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn.

Etí Alágídí gbóná fún ìtìjú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gba oúnjẹ sínú abọ́ náà, ó gbé e lọ bá a níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ó ki ṣíbí kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà mú ọ̀kan. Wọ́n jọ jẹ ẹ́ lórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́bàá ògiri. Nígbà tó fi máa ra abọ́ tirẹ̀, tí Ìyá Olóúnjẹ sì gbà á wọlé, ó ti mọ́ wọn lára. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ nínú abọ́ kan, wọ́n á wá jẹ nínú èkejì.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú èdè ibẹ̀: iyọ̀, omi, ó gbóná, ó tó, fi kún un. Mẹkáníìkì ló ń kọ́ ọ. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, ó máa ń rọra ti ẹran sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú abọ́, á wá gbójú síbòmíràn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Ó gbọ́ pé bàbá àti ìyá ọkùnrin náà ti kú nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé Ìyá Olóúnjẹ tó ń gbé yàrá kejì sí wọn ló mú un sọ́dọ̀, ló bọ́ ọ, ló rán an lọ kọ́ṣẹ́. Òun náà sọ ti ilé wọn fún un. Nígbà míì, tó bá dùbúlẹ̀ nínú yàrá orí ṣọ́ọ̀bù táyà, á bi ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin yìí ni òun fẹ́ràn tàbí oúnjẹ tó fún òun jẹ lọ́jọ́ tí ebi fẹ́ pa òun kú. Kì í rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí ọdún náà ku díẹ̀ kó pé, ọkùnrin náà ní kó má lọ. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ti ní àwọn yóò gbà á síṣẹ́. Alágídí ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sílé lọ kọ́ àwọn yòókù ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun wá kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá fẹ́ òun lóòótọ́, kó wá tọrọ òun lọ́wọ́ bàbá òun.

“Mi ò ní sá tẹ̀ lé ọkùnrin,” ó sọ fún un. “Ojú ilẹ̀kùn iwájú ni màá gbà jáde nílé bàbá mi. Kó àwọn èèyàn ẹ wá.”

“Mi ò ní èèyàn kankan. O mọ̀.”

Ó tọ́ka sí tábìlì gígùn tí Ìyá Olóúnjẹ ti ń fọ ìkòkò. “Ta wá nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí Alágídí gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Ìyá Olóúnjẹ na ọwọ́ kọjá rẹ̀, ó gba ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó gba ti ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ó wá rí gẹ́lẹ́ bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, àfi pé abọ́ wà níwájú rẹ̀ báyìí, ó sì gbọ́ èdè. Ó bi ìyá náà ohun tí òun ṣe.

“O fẹ́ gbé ọmọ mi lọ,” Ìyá Olóúnjẹ wí. “Oúnjẹ mi lo jẹ tó o fi lágbára láti gbé e.”

“Ta ló sọ pé mo fẹ́ gbé e lọ, Mà? Èmi ni màá wá síbí. Bàbá tèmi ni màá fi sílẹ̀, kì í ṣe pé òun máa fi yín sílẹ̀.” Alágídí ti abọ́ rẹ̀ síwájú. “Ẹ lè fi ebi pa mí. Ẹ ò lè fi ebi lé mi.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń jẹun níbẹ̀, ìyá náà gbójú kúrò lára abọ́, ó wo ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bu oúnjẹ fún un, ó tún fi ẹja lé e lórí.

“Sọ fún bàbá ẹ pé mò ń bọ̀,” ó ní.

Ó rọrùn lẹ́nu. Nígbà tí Alágídí délé, tó sì kó ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Bàbá Káfíńtà kò pariwo. Ó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó béèrè orúkọ bàbá ọkùnrin náà, wọ́n ní ó ti kú. Ó béèrè ìyá, ó ti kú. Ó béèrè ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ìyá, kò sí. Ó ní ta ló wá fẹ́ wá tọrọ ọmọ òun. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ ni, ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú.

“Ebi ló fẹ́ ọkùnrin yẹn,” ó ní. “Kì í ṣe ìwọ.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un, torí òun gan-an ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ilé ló wà báyìí, níbi tí gbogbo oúnjẹ tó ti ń lá àlá rẹ̀ wà. Ó jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ títí ìgbànú yẹ̀rì rẹ̀ fi fún mọ́ ọn. Nígbà tí Àǹtí ń palẹ̀ abọ́ mọ́ lọ́jọ́ kan, ó bi í pé kí ló dé tó máa ń ṣẹ́ apá kan oúnjẹ kù, tí yóò sì kó ẹran jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tó ń dá a sí fún ẹlòmíràn. Alágídí wo inú abọ́. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fá pákó.

“Mo ti yó, Bàbá,” ó ní. “Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti yó. Òun náà ni mo ṣì fẹ́.”

Bàbá rẹ̀ gbé pákó náà sílẹ̀. Ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀ ló wá sọ jáde. Ó rán an létí pé Àǹtí náà lọ sọ́nà jíjìn nígbà kan, ó tẹ̀ lé ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ilé gbóná mọ́ ọn, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ ẹni tóun lè pè. Kò sí bàbá ọkọ tí òun lè lọ bá, kò sí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó lè bá ọkùnrin náà wí. Báàgì kan ni Àǹtí gbé padà, ojú rẹ̀ sì wú. Ó ní òun kò ní fi ojú òun rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Àǹtí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo lọ, èmi ni mo padà,” ó ní. “Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ.”

Oṣù bíi mélòó kan kọjá, Bàbá Káfíńtà kò gbà, ọmọ rẹ̀ kò sì jáwọ́. Wọ́n ń kíra wọn láàárọ̀, wọ́n ń jẹun lórí tábìlì kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Àǹtí ló di alárinà. Òun ló ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lórí fóònù Alágídí, pẹ̀lú èdè díẹ̀ tí ìyẹn ti kọ́. Òun náà ló sọ fún wọn pé tí wọ́n bá ń dúró de ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun yóò ní kí wọ́n wá, wọ́n á dúró títí lọ, kí wọ́n kúkú máa bọ̀.

Ìyá Olóúnjẹ ti ilé oúnjẹ rẹ̀ pa, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Òun àti ọmọ rẹ̀ wọkọ̀, wọ́n dé, wọ́n sì wọ̀ sí ilé àlejò kan nítòsí ibùdókọ̀. Bàbá Káfíńtà ní òun kò pe ẹnì kankan, kí wọ́n sinmi kí wọ́n sì padà sílé wọn. Ìdààmú mìíràn sì tún wà: ìyá náà kò lè jẹun. Gbogbo ọbẹ̀ tí wọ́n bá ṣí níwájú rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á mi orí. Alágídí mú un ká gbogbo ìlú, láti ọ̀dọ̀ oníìrẹsì dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, ó ń túmọ̀, ó ń bẹ àwọn olóúnjẹ pé kí wọ́n dín ata kù. Ìyá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bọ́ èèyàn, búrẹ́dì ló ń jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí kò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó se oúnjẹ, ó bò ó sórí tábìlì, ó lọ kó àwọn àlejò náà wá, ó sì mú wọn jókòó sí pálọ̀. Bàbá Káfíńtà wọlé bá wọn níbẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kó padà sẹ́yìn, ló bá jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ṣàkíyèsí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, ọmọbìnrin kì í sí níbẹ̀. Yàrá ló yẹ kó wà, kó máa dẹtí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì débi tó lè túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Alágídí fa àpótí kan, ó jókòó sí àárín wọn.

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní kó bi obìnrin yìí, kí ló jẹ́ sí ọmọkùnrin náà. Ìyá Olóúnjẹ ní òun ló bọ́ ọ.

“Bi í pé ṣé gbogbo ẹni tó bá ti bọ́ ọmọ ló di ìyá ọmọ.”

Àǹtí ṣẹ́jú sí ọmọ náà pé kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ díẹ̀. Alágídí rí i. “Mi ò ní bu ṣúgà sí i, Àǹtí,” ó ní. “Tí irọ́ bá wọ inú ẹ̀ lónìí, èmi ni màá máa bá a gbé.” Ó sì sọ ọ́ fún ìyá náà bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn tó fi sọ ọ́.

Ìyá Olóúnjẹ kò bínú. Ó ní kí bàbá wo ọmọ náà dáadáa, ṣé ó jọ ẹni tí kò ní ìyá? Bàbá Káfíńtà wò ó. Ọkùnrin náà ti fọ ọwọ́ rẹ̀ títí ọ́ìlì fi jáde léèékánná rẹ̀, ó jókòó ṣinṣin. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń há sórí láti inú ọkọ̀, lédè bàbá náà: “Bàbá, mo fẹ́ràn ọmọ yín. Mi ò ní jẹ́ kí ebi pa á.”

“Ebi nìkan kọ́ ló ń ṣe obìnrin níbi tó bá lọ,” Bàbá Káfíńtà wí. Kò wo ọkùnrin náà mọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń wò. “Lọ́jọ́ tó bá fìyà jẹ ẹ́, ta ni mo máa pè?”

Alágídí túmọ̀ rẹ̀.

“Kó pè mí,” Ìyá Olóúnjẹ ní.

“Mi ò gbọ́ èdè ẹ. Kí la fẹ́ bára wa sọ?”

“Kò ní láti sọ nǹkan kan. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí fóònù, màá mọ̀ pé ọmọ mi ti hùwà burúkú. Màá gbé ìgbákọ mi, màá lọ bá a níbi tó bá wà.”

Bí Alágídí ṣe túmọ̀ ìyẹn tán, Àǹtí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu Bàbá Káfíńtà náà fẹ́ẹ́ yà, àmọ́ ó rántí ara rẹ̀, ó tún ojú ṣe. Ọkùnrin kan tó ti wí pé òun kò gbà, tó ti wí i fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò rọrùn fún un láti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ níṣojú àlejò.

“Sọ fún wọn pé mo ti gbọ́,” ó ní. “Sọ fún wọn pé mi ò gbà. Kí wọ́n máa lọ.”

“Mi ò ní sọ ìyẹn.”

“Kí lo wí?”

“Mo ti bá yín gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti ìgbà tá a ti jókòó, Bàbá, mi ò dín ọ̀kan kù. Èyí, ẹ gbé e fúnra yín.” Kò sọ ojú kalẹ̀. “Mo máa fẹ́ ẹ. Mi ò tọrọ àyè. Ohun tí mò ń béèrè ni bóyá ẹ máa wà níbẹ̀.”

Ìyá Olóúnjẹ bi í lédè tiwọn pé kí ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ní kó bi bàbá òun fúnra rẹ̀. Ìyá náà dìde, ó rìn wá síwájú Bàbá Káfíńtà, ó dúró, ó sì ń wò ó. Ó ṣòro láti lé ẹni tó dúró síwájú èèyàn báyẹn, pàápàá tí ọwọ́ onítọ̀hún bá ń gbọ̀n.

“Kí ló ń ṣe é?” Bàbá Káfíńtà béèrè.

Àǹtí ní kò tíì jẹun gidi láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ní búrẹ́dì ló ń jẹ káàkiri ìlú, nígbà tí ẹni tó wá kí wà nílé.

Ojú ti Bàbá Káfíńtà, ó sì hàn. Ó tọ́ka sí oúnjẹ tí wọ́n bò sórí tábìlì, tí wọn kò fi ata púpọ̀ sí. Ó ní kí wọ́n sọ fún ìyá náà kó jókòó, kó jẹun ná, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yòókù sílẹ̀. Alágídí sọ fún un. Ìyá Olóúnjẹ wo oúnjẹ náà, ó gbé itọ́ mì, ó sì fèsì.

“Kí ló wí?” bàbá rẹ̀ bi í.

“Ó ní òun ò ní jẹun nílé ẹni tó kọ ọmọ òun.”

Bàbá Káfíńtà wo obìnrin náà tí ebi ń pa, tí kò sì mira. Ó wo ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ pẹ́, Àǹtí sì rọra mi orí sí i pé kó gbà. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Sọ fún un pé mo gbà,” ó ní. “Kó jẹun.”

Èyí ni Alágídí túmọ̀ kíákíá jù lọ. Ìyá Olóúnjẹ fa àga, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n bu tòun kó kún.